Ohun Tí Kálukú Gbọ́ Lẹ́nu Ìyá Rọ́bà

Èyí kì í ṣe àlọ́. Àlọ́ máa ń ní ègbè tí àwọn ọmọdé ń gbè, ọ̀rọ̀ yìí kò ní. Àwọn mẹ́rin tó ṣojú wọn ṣì wà láyé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n sì ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Bí ẹ bá pàdé ọ̀kan nínú wọn, tí ẹ bi í, ó lè ní òun kò mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ má bá a jà. Ọ̀rọ̀ náà ló wúwo lẹ́nu.

Beatrice Adégòkè ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù nínú wọn. Ọmọ Àwẹ́ ni, ọmọ ilé Onítẹ̀bọmi, tíṣà àgbà ni bàbá rẹ̀. Nílé wọn, bí ọmọ bá ní òun rí iwin, wọ́n á ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú. Ó ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìlera kékeré kan ní Ìlọrà. Nọ́ọ̀sì gidi ni, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò mọ ìsinmi.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìlera kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì á jókòó níwájú, àwọn apoògùn á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn ti ẹ̀ka ìlera àwùjọ, tí iṣẹ́ wọn ń gbé wọn láti abúlé dé abúlé, á wá kó ara wọn sẹ́yìn bí àlejò tí wọn ò pè síbi ìnáwó. Bí wọ́n bá sì dé ọsibítù, bẹ́ẹ̀ náà ni. Aláìsàn á wà láàárín, kálukú á máa ṣe tirẹ̀. Beatrice ti rí aláìsàn tó kú sáàárín àwọn tó mọṣẹ́. Kì í ṣe pé ọ̀kan nínú wọn ò mọ ohun tó yẹ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kò sọ ọ́.

Ló bá dá eré kan sílẹ̀.

Ọmọlangidi ńlá kan wà tí àwọn tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ náà fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Obìnrin ni, rọ́bà ni gbogbo ara rẹ̀, àyà rẹ̀ ń gbéra bí ẹni tó ń mí, wọ́n sì fi sípíkà sí i lọ́rùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Rọ́bà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ní kíláàsì tó wà lópin ọgbà, orí ibùsùn náà lẹ̀ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn ògiri yẹn ni yàrá kékeré kan wà tí Beatrice ń jókòó sí. Ó ní gíláàsì tó ń yọjú wò wọ́n, ó ní máìkì tó ń sọ̀rọ̀ sí, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń fi sétí láti gbọ́ wọn. Bó bá tẹ bọ́tìnnì, iná pupa kékeré kan á tàn, ohùn rẹ̀ á sì jáde lọ́rùn Ìyá Rọ́bà. Á ní inú ń run òun. Á ní ẹ̀jẹ̀ ń ya lára òun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì jọ tọ́jú rẹ̀.

Beatrice mọ ènìyàn í sín jẹ. Láti kékeré ló ti ń sín pásítọ̀ wọn jẹ, wọ́n sì ti nà án sí i. Nígbà tí eré yìí wá dé, kò fẹ́ fi ohùn ara rẹ̀ ṣe aláìsàn, torí pé àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Ohùn Hàwáù ló yá.

Hàwáù ni aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Òun ló ń rán aṣọ funfun fún gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Ṣakí, òun sì ti lóyún, ìgbà ìbí rẹ̀ ti ń sún mọ́lé. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa òwú jáde lójú abẹ́rẹ́. Beatrice gbé ohùn náà wọ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí. Kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ta ni í tọrọ ohùn?

Òfin méjì ló wà nínú eré náà. Àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ náà sọ sókè kó tó ṣe é. Èkejì ló jẹ́ ti Beatrice fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn eré, wọ́n á jókòó yí ibùsùn ká, á bi wọ́n pé, “Kí lẹ rí? Kí lẹ gbọ́?” Ẹni tó kéré jù ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn. Àwọn olùkọ́ yòókù bínú sí òfin yìí. Wọ́n ní Beatrice ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé wa. Bí àgbà bá ti ní òun ò rí nǹkan kan, ọmọ wo ló máa là á mọ́ ọn lójú pé òun rí i? A ní ẹnu àgbà lobì í gbó. Òótọ́ ni. Obì á gbó, aláìsàn á sì ti kú.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Ọyẹ́ mú. Eruku bo ojú ọ̀run, ètè gbogbo ènìyàn ń ya. Ọgbà dákẹ́, àfi ewé gbígbẹ tó ń wọ́ lórí símẹ́ńtì. Nígbà tí Beatrice ń wọlé, ó rí i pé ṣọ́ọ̀bù Hàwáù wà ní títì. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá ó ti ń rọbí, kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ó kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló yan fún eré ọjọ́ náà. Mùsílíù ló dàgbà jù. Ó ti ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá kọ́ iṣẹ́ apoògùn, ó ti láya, ó ti bímọ, Bọ̀dá ni gbogbo wọn ń pè é. Ayọ̀mídé ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ọmọ jẹ́jẹ́, ó lójú inú, àdúrà ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ẹniọlá láti ẹ̀ka ìlera àwùjọ ló kéré jù. Ẹ̀rín ò jìnnà sí i.

Beatrice wọ yàrá rẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná pupa tàn.

“Ẹ gbà mí o,” ó ní, ní ohùn Hàwáù. “Mo ti bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ ò dá.”

Ẹniọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó mọ ohùn náà.

“Fi ẹ̀rín sílẹ̀,” Mùsílíù ní. “Mú ọwọ́ rẹ̀. Wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré sí.”

“Kí n mú ọwọ́ rẹ̀, kí n wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré sí. Mo ti mú un, Bọ̀dá.”

“Ayọ̀mídé, ikùn ńkọ́?”

“Ikùn rọ̀. Mo ti ń fi ọwọ́ ra á. Ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì.”

“O fẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì. Òun rèé.”

Inú Beatrice dùn lẹ́yìn gíláàsì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ síra wọn, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, kò sẹ́ni tó ń já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì kí aláìsàn tún kérora díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Iná pupa ò tàn.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò tàn. Ó gbójú sókè, ó rí i pé gílóòbù orí rẹ̀ náà ti kú. Wọ́n ti mú iná lọ. Oòrùn ọ̀sán ń wọ kíláàsì láti ojú fèrèsé, àwọn ọmọ tó wà lọ́hùn-ún ò sì mọ̀. Ó fẹ́ dìde lọ sọ fún wọn. Kó tó dìde, ó rí Ẹniọlá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Ìyá Rọ́bà.

Ẹniọlá gbé etí sún mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó nàró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wo ojú gíláàsì bí ẹni tó fẹ́ sọ pé, Mà, ẹ̀yin náà ti pọ̀ jù.

Mùsílíù ló bẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó mi orí bí ẹni tó gba àdírẹ́sì lẹ́nu èèyàn.

Ayọ̀mídé bẹ̀rẹ̀. Ó yára fà sẹ́yìn. Ètè rẹ̀ ń mì. Beatrice mọ ohun tó ń ṣe. Àdúrà ló ń gbà sínú.

Kí ni wọ́n ń gbọ́? Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ etí Beatrice, tó yẹ kó ti kú pẹ̀lú iná, ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó dúró láàárín. Ewúrẹ́ kan ké níbì kan. Kò sí ewúrẹ́ nínú ọgbà wọn. Ohùn kan wá sọ̀rọ̀. Ohùn fẹ́lẹ́ ni, ó fa ìparí ọ̀rọ̀.

“Èmi nìkan ló wà nílé.”

Beatrice já ẹ̀rọ náà kúrò létí. Ó wò ó. Ó wo iná pupa. Kò tàn. Ó gbé e padà sétí, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àárẹ̀ ni. Ó ní Ẹniọlá ló ń sín òun jẹ, ohun tí òun fi kọ́ ọmọ ló ń fi san án fún òun. Ó ti rí àlàyé kan, ó sì dì í mú. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú, ta ló máa sọ fún pé ọmọlangidi sọ̀rọ̀?

Ó ṣílẹ̀kùn, ó ń pàtẹ́wọ́.

“Ó tó! Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ẹ yege.”

Wọ́n jókòó yí ibùsùn ká. Ó yẹ kó bi Ẹniọlá. Òfin òun ni, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe é, òun ló fi bá àwọn olùkọ́ yòókù jà. Ó wo Ẹniọlá, ó rí i pé ọmọ náà ti lanu. Ẹ̀rù bà á. Kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ló bá yí ojú sí Mùsílíù.

“Bọ̀dá Mùsílíù, kí lẹ rí? Kí lẹ gbọ́?”

Ó yà á lẹ́nu pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ bi. Ó tún ara rẹ̀ jókòó bí àgbà.

“Kò sí nǹkan kan, Mà. Gbogbo ẹ̀ lọ bó ṣe yẹ.”

“Ayọ̀mídé?”

“Bí Bọ̀dá ṣe wí náà ni, Mà.”

“Ẹniọlá?”

Ẹniọlá pa ẹnu dé. Ó wo Bọ̀dá, ó wo Mà. “Bẹ́ẹ̀ náà ni, Mà.”

Beatrice dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó sì dúpẹ́ tọkàntọkàn, èyí ló ń dùn ún jù títí di òní. Inú rẹ̀ dùn pé wọn ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní títì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ló sọ fún un. Ó ní àṣálẹ́ àná ni ìyá Hàwáù ti ọjà Ọ̀yọ́ dé, tó bá ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ nílé wọn ní Fìdítì. Gìrì ti mú un, ó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ọ̀yọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde láàyè.

“Ìyá ńkọ́?” Beatrice bi í.

“Ó lajú láàárọ̀ yìí, Mà. Wọ́n ní ó tilẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀.”

Ọpẹ́ wà lẹ́nu Beatrice títí ó fi dé ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà ò dalẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, Hàwáù ti jáde láyé. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í fi òkú pamọ́. Wọ́n sin ín sí Fìdítì.

Ní ọjọ́ kẹta, Ẹniọlá ló kọ́kọ́ wá. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, kò wọlé.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé Hàwáù ni yín?”

“Nígbà wo?”

“Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ Ìyá Rọ́bà. Ó ní, ‘Ẹniọlá, Hàwáù ni mí.’ Mo rò pé ẹ̀ ń ṣeré ni, Mà, torí pé ohùn wọn lẹ fi ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ni?”

Beatrice ní kó lọ pe àwọn méjì yòókù wá sí kíláàsì.

Wọ́n jókòó yí ibùsùn ká bí wọ́n ṣe jókòó ní ìjẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó kéré jù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹniọlá tún tirẹ̀ sọ. Ó kan Ayọ̀mídé.

“Ó ní, ‘Orí ń fọ́ mi láti àná, ojú mi sì ń ṣókùnkùn.’ Mo mọ̀ pé kò bá ẹ̀jẹ̀ yíya mu, Mà. Mo mọ ohun tí ó jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń fa gìrì fún aboyún ni. Ara mi sì sọ fún mi pé kì í ṣe ohùn yín. Nínú ìjọ wa, bí èèyàn bá gbọ́ irú ẹ̀, wọn kì í sọ ọ́ síta kó má baà ṣẹ. Àdúrà ni wọ́n máa ń gbà lé e. Mo gbàdúrà, Mà. Mo gbàdúrà gan-an.”

Omi ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀, kò nù ún.

Ó kan Mùsílíù. “Èmi gbọ́ pé, ‘Fìdítì ni mo wà, ní ilé alájà tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí.’ Mo rò pé àdírẹ́sì aláìsàn ni, pé a máa kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn eré. Fìdítì ni mò ń gbé, Mà. Mo mọ ilé náà. Mo gba iwájú ẹ̀ kọjá lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ò tíì ṣú.”

Wọ́n wo Beatrice.

“Iná ti lọ,” ó ní. “Iná ti lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò sọ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé òun nìkan ló wà nílé.”

Orúkọ wà lọ́wọ́ ọ̀kan, àìsàn wà lọ́wọ́ ọ̀kan, ilé wà lọ́wọ́ ọ̀kan. Beatrice nìkan ló sì mọ̀ pé iná ti lọ. Bí wọ́n bá kó o pọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀kadà ì bá gbé wọn dé Fìdítì kí ìyà tó jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Oògùn gìrì wà nínú àpótí ilé ẹ̀kọ́ gan-an. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Beatrice ti fi òwe yìí kọ́ wọn. Ó ti kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó. Ó ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́.

Wọ́n lọ kí ìyá òkú nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ lọ. Ilé alájà náà wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí lóòótọ́. Ewúrẹ́ kan wà ní àgbàlá, wọ́n so ó mọ́ ìdí igi. Nínú yàrá, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, aṣọ funfun kan sì há sábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, wọn ò tíì rán an tán. Ìyá Hàwáù jókòó sórí ẹní, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń sùn.

“Ẹ kú àràfẹ́rakù, Mà,” Beatrice ní. “Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.”

“Àmín. Ẹ ṣeun.” Ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo aṣọ funfun ara wọn. Kò gbójú kúrò. “Ṣé òun ló rán èyí?”

“Òun ni, Mà,” Ẹniọlá ní.

“Ó sọ fún mi. Nígbà tó lajú, ó ní nígbà tí orí náà ń fọ́ òun, òun gbójú sókè, òun rí àwọn aláṣọ funfun tó yí ibùsùn òun ká. Ó ní òun mọ aṣọ ọrùn wọn, òun lòun rán an. Ó ní òun bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́. Ó ní wọ́n wá ń wo ojú ara wọn, wọ́n sì lọ.” Ohùn rẹ̀ ò le. Ì bá sàn kó le. “Ó ní obìnrin kan tún wà lẹ́yìn ògiri tó ń fi ohùn òun sọ̀rọ̀. Mo ní ibà ló ń ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ibà ni?”

Kálukú ń dúró de ẹnìkejì. Beatrice mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀.

“Kì í ṣe ibà, Mà. Àwa ni. Èmi ni mo wà lẹ́yìn ògiri.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan bò. Ó ń retí èpè. Ìyá Hàwáù ò ṣépè fún un. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tí ọmọ òun sọ fún wọn. Ó ní ara ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọmọ òun ni, òun fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fetí sílẹ̀, ó ń tún un sọ tẹ̀ lé wọn, ó dà bíi pé òun náà ti wà níbi eré wọn rí. Hàwáù ni mí. Orí ń fọ́ mi. Fìdítì ni mo wà. Èmi nìkan ló wà nílé.

Nígbà tí wọ́n sọ tán, ó ṣì ń wo wọ́n.

“Ẹni karùn-ún dà?”

“Mà?”

“Ó ní márùn-ún ni yín. Ó ní ẹnìkan dúró níbi orí òun, ẹni náà ló fara balẹ̀ jù nínú yín. Ó ní àwọn yòókù ń kánjú, ìyẹn ò kánjú. Ẹni yẹn ni òun sọ orúkọ ọmọ fún.” Ó fi ọwọ́ kan orí ọmọ tó ń sùn. “Ó ti ní orúkọ kan lọ́kàn láti ìgbà tó ti lóyún, kò sọ ọ́ fún mi, kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ó ní àfi ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo bi í lórí ibùsùn ọsibítù, ó ní, ‘Màámi, mo ti fi rán ẹni tó wà níbi orí mi. Ó máa jẹ́ ẹ fún yín.’ Ọ̀la la máa sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é.”

Ẹniọlá ti dúró lápá ọ̀tún, Ayọ̀mídé lápá òsì, Mùsílíù níbi ẹsẹ̀. Beatrice rí wọn láti ojú gíláàsì, ó rí wọn dáadáa. Orí ibùsùn náà lẹ̀ mọ́ ògiri. Èèyàn ò lè dúró síbẹ̀.

“Mà,” ó ní, “àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀.”

“Márùn-ún ló pè é.”

Ọmọ náà jí, kò sunkún. Ó gbójú sókè, ó ń wo ibì kan lókè orí ìyá àgbà rẹ̀.

Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kejì. Kò sí orúkọ tí wọ́n gbọ́, Ààfáà ló bá wọn mú un. Ummu-Salamah ni. Orúkọ tó dára ni, gbogbo ènìyàn sì ṣe àmín sí i.

Beatrice ò fi eré náà sílẹ̀. Ó ṣì ń kọ́ wọn, kò sì tún yí òfin rẹ̀ padà mọ́, ọ̀gá yòówù tó bá wà níbẹ̀. Ohùn ara rẹ̀ ló fi ń ṣe aláìsàn báyìí. Nígbà mìíràn, bí ọyẹ́ bá mú, tí kíláàsì ṣófo, ó máa ń jókòó ti Ìyá Rọ́bà, á bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ló dúró níbi orí ibùsùn yẹn, kí sì ni orúkọ ọmọ. Rọ́bà ò fèsì. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ìyá Hàwáù kì í pe ọmọ náà ní Ummu-Salamah. “Ọmọ mi” ló ń pè é. Bó bá rí ọmọ aláṣọ funfun kan lójú títì Fìdítì, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò rí rí, á pọn ọmọ náà dáadáa, á sọdá lọ bá a, á bi í bóyá ẹnìkan fi orúkọ kan rán an sí òun. Wọ́n á ní rárá o, Mà. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.